Àmì Funfun Lára Igi Máńgòrò

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni ọkùnrin méjì láti kánsù gba iwájú ilé onígbàjámọ̀ kọjá pẹ̀lú agolo ọ̀dà, tí wọ́n sì fa àmì funfun yípo igi máńgòrò rẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Onígbàjámọ̀ ń gbá abẹ́ igi lọ́wọ́, irun orí àwọn oníbàárà àná ṣì lẹ̀ mọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó kí wọn, ó ní kí ni ìtumọ̀ èyí. Èyí tó gbé agolo dání ní kíkùn ni wọ́n rán àwọn, wọn ò rán àwọn ní títúmọ̀. Pé gbogbo àlàyé wà lójú ewé kánsù lórí ayélujára, kí ó lọ kà á níbẹ̀. Ohùn tó fi sọ ọ́ jọ ti ẹni tó ti ń sọ ọ́ láti ìdí igi dé ìdí igi. Wọ́n ré kọjá, wọ́n wo igi méjì tó wà níwájú ilé káfíńtà, wọn ò kùn wọ́n, wọ́n yà ní kọ̀rọ̀, wọ́n lọ.

Igi yìí ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ìṣó tó wà lára rẹ̀ ló fi dígí kọ́. Àga tó fi ń gẹ irun wà ní ìdí rẹ̀ gan-an, níbi tí ìbòòji kì í tán sí, bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró sì wà lábẹ́ ẹ̀ka tó nà sójú títì. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà, ní àpótí ìjókòó tirẹ̀ ní òdìkejì igi. Bí ọjọ́ bá ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ń wọ́ àpótí tẹ̀ lé ìbòòji. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú fèrèsé nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ewé wọlé. Ilé fúnra rẹ̀, yàrá méjì ni, páànù rẹ̀ ò sì ní àjà. Bí kò bá sí ti igi yẹn, a ò ní nílò iná láti fi yan ẹran níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ní kí igi yẹn kúrò, ilé ló ní kí ó kúrò.

Nídìí búrẹ́dì àti tíì àárọ̀, wọ́n ní kí ọmọbìnrin wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́fóònù nítorí pé òun nìkan ló mọ ìwà fóònù ilé náà, bá wọn ṣí ojú ewé kánsù. Ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan roboto kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù. Ó yí títí tíì fi tutù. Nígbà tó dákẹ́, ó kọ ọ́ pé ojú ewé yìí kò sí ní àrọ́wọ́tó báyìí, kí wọ́n jọ̀wọ́ padà wá.

"Ká padà wá láti ibo?" ni Ìyá Àgbà béèrè. "Ta ló jáde nínú wa?"

Ọlọ́fóònù ní ohun tí wọ́n máa ń kọ nìyẹn, màmá àgbà, òun á tún un tẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kí ó má sinmi, pé ẹni tó bá ń kanlẹ̀kùn lemọ́lemọ́, bó pẹ́ bó yá, onílé á bínú ṣí i.

Aránṣọ ní tòun ò sí nínú ìyẹn. Ó ní kánsù ní ilé, ilé náà ní ìlẹ̀kùn, òun ní ẹsẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ibẹ̀ ni ìjà kékeré ti bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní kí ni àwọn èèyàn á wí, tí wọ́n bá rí ìyàwó òun nídìí géètì kánsù tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ kiri, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òun ni gbogbo òpópónà ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Aránṣọ ní wọ́n á wí pé ìyàwó rẹ̀ lọ bèèrè ọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ ní aṣọ àwọn oníbàárà ńkọ́? Aránṣọ ní aṣọ lè dúró. Wọ́n bá ara wọn fa búrẹ́dì tó kù lórí àwo díẹ̀, Ìyá Àgbà mú un, ó jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì tán.

Aránṣọ fi òwú sí abẹ́rẹ́, ó fi gún ọrùn bùbá rẹ̀, bó ti máa ń ṣe tó bá ń jáde, ó mú fóònù rẹ̀ kékeré tí kò mọ̀ ju ìpè lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí n ó fi dé."

"Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣé igi lèmi náà máa gẹ irun fún ni?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Oníbàárà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà ni bírìkìlà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń rẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kánsù ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Bó ti jókòó ló ti rí àmì funfun nínú dígí, ó ní, bàbá, kí leléyìí? Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé nínú iṣẹ́ gbàjámọ̀, irun nìkan kọ́ ni èèyàn ń wá fún. Ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn á kọ́kọ́ yà síbẹ̀ kí ó gbọ́ bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹni tó ń wá yàrá, ẹni tó ń wá ìyàwó, abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo irinṣẹ́ ló wà nínú àpótí onígbàjámọ̀, àfi gbólóhùn kan, "n kò mọ̀." Ìyẹn ò tíì wọ àpótí rẹ̀ rí.

Ó yí orí bírìkìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé abẹ lé e lọ́rùn.

"Igi tí kánsù bá ti fi ọ̀dà sàmì sí, ó ti di olóògbé nìyẹn," ló wí. "Gígé ni. Tí wọ́n bá sì fúnra wọn wá gé e, wàá san owó ayùn wọn, wàá san owó òógùn wọn, wọ́n á tún ru igi lọ mọ́ ẹ lójú."

Bírìkìlà béèrè ìgbà wo.

"Kó tó di ìrọ̀lẹ́ òní."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bó ti ń jáde lẹ́nu òun lòun ń hun ún. Bírìkìlà ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ó sanwó, ó gbọn irun kúrò léjìká, ó gba ibi iṣẹ́ lọ, onígbàjámọ̀ sì pe ẹni tó kàn. Kí ó tó gẹ irun tirẹ̀ tán, ó ti gbàgbé.

Ọ̀sán mú. Ọlọ́fóònù jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń tẹ ojú ewé. Nǹkan roboto náà ń yí. Ní ẹ̀ẹ̀kan, àwòrán ilé kánsù yọ ní ìdajì, òrùlé rẹ̀ nìkan, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì sún mọ́ ọn láti wò ó, ni òrùlé náà bá tún wọlẹ̀. Awakọ̀ kan tó ń dúró de irun gígẹ̀ ní ó dàbí ọkọ̀ òun, ó máa ń dún bí ẹni tó fẹ́ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dátà ń tán lọ, iná fóònù ń tán lọ, kò sì sí iná mànàmáná láti àná.

Nígbà tí oòrùn kúrò láàárín orí, Mo-Ti-Gbọ́ dé. Obìnrin ọlọ́ṣẹ ní ilé kejì ni, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn fẹ́ sọ fún un tí kò ní ní òun ti gbọ́. Ìdí omi ẹ̀rọ ló ti ń bọ̀, ó sọ garawa kalẹ̀, omi ta sí Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀. Ó ní ẹ̀yin jókòó síbí, ẹ ń tẹ fóònù. Ẹ ò mọ̀ pé àwọn igi tí wọ́n sàmì sí, gígé ni, kó tó di ìrọ̀lẹ́ òní. Ẹni tí wọ́n bá sì bá gé e, yóò san owó ayùn. Onígbàjámọ̀ ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo-Ti-Gbọ́ ní ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ fún kánsù gan-an ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe àhesọ.

Onígbàjámọ̀ dá ọwọ́ dúró lórí awakọ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú. Lẹ́yìn náà ó mọ́lẹ̀, ó sì yí sí gbogbo wọn.

"Ṣé ẹ rí i?" ló wí. "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀."

"Ta ló sọ fún ìwọ láàárọ̀?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

Ó dá a lóhùn pé, Ìyá, ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tó bá ti rí ojú igi, ó ti mọ̀. Ìyá Àgbà nu omi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ, fa ọ̀rọ̀ náà bọ̀, tíṣà kan gba ibẹ̀ kọjá láti ilé ẹ̀kọ́. Ó ní òun náà gbọ́ ọ lọ́nà, àti pé kì í ṣe owó ayùn nìkan, ìtanràn wà níbẹ̀. Ó pe ìtanràn náà bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ sílẹ̀, ìyẹn ló mú un wọ gbogbo wọn létí. Onígbàjámọ̀ rò ó. Ẹnu kan lè purọ́. Ẹnu méjì lè ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n ọlọ́ṣẹ, tíṣà, àti òun fúnra rẹ̀, àwọn mẹ́ta tí wọn ò pàdé láti àárọ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìyẹn ti kọjá àhesọ.

Ó ní kí Ọlọ́fóònù pe ìyá rẹ̀. Ọlọ́fóònù gbé fóònù sókè, ojú rẹ̀ dúdú. Ó ní fóònù ti kú; ojú ewé ló ń wá tó fi kú. Mo-Ti-Gbọ́ ní kí wọ́n gba tòun. Wọ́n gbà á, gbogbo wọn wá ń wo ara wọn, nítorí nọ́ńbà aránṣọ, inú fóònù tó kú ló wà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí, ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Àsìkò yẹn ni káfíńtà ti ilé kẹta gbé ayùn rẹ̀ ńlá jáde, pẹ̀lú okùn lórí èjìká. Inú rẹ̀ dùn, kò lè fi pamọ́. Wọn ò sàmì sí igi tirẹ̀. Ó ní òun ò ní gba owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Kí onígbàjámọ̀ ṣáà fún òun ní ìtí rẹ̀, òun á fi apá kan kan àga tuntun fún un, ẹ̀ka á sì jẹ́ igi ìdáná fún ìyàwó rẹ̀.

"Kàkà kí kánsù ru ú lọ," ló wí, "kí tiwa jẹ́ tiwa."

Onígbàjámọ̀ wo ẹ̀yìn títì. Aránṣọ ò tíì yọ. Oòrùn ti ń rọ̀. Ó rántí ohun tí obìnrin náà sọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún rò ó pé tó bá dé bá ìtanràn nílẹ̀, obìnrin yìí kan náà ni yóò kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni baálé ilé ń ṣe. Ó yọ dígí kúrò lórí ìṣó.

"Ohun tí a bá fi pẹ̀lẹ́ mú kì í bàjẹ́," ni Ìyá Àgbà wí, kò wo ẹnikẹ́ni.

Ó kọ̀ kò dìde. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣàlàyé, ó ní òun wà níbi tí ìbòòji wà. Níkẹyìn, awakọ̀ àti tíṣà gbé e tòun tàpótí, ó sì jókòó lé e lórí bí olóyè títí wọ́n fi gbé e dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, gbogbo òpópónà ń pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ibẹ̀, iṣẹ́ náà di eré. Àwọn tí kò tíì bá onígbàjámọ̀ sọ̀rọ̀ rí wá fún un ní ìmọ̀ràn ibi tí igi máa wó sí. Káfíńtà gun òkè, ó so okùn mọ́ ẹ̀ka, ó ní kí wọ́n fà, wọ́n fà. Ó ní kí wọ́n tú u, ìdajì wọn ṣì ń fà. Máńgòrò tútù tí kò tíì gbó ń já bọ́ lu páànù, àwọn ọmọ ń ṣa á, Mo-Ti-Gbọ́ lọ gbé iyọ̀ wá, àgbà àti èwe ń gé e jẹ, wọ́n ń fún ojú pọ̀ nítorí kíkan, wọ́n sì tún ń na ọwọ́ fún òmíràn. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ fa ayùn títí bùbá rẹ̀ fi rin. Lẹ́yìn náà ni igi dún lẹ́ẹ̀kan ní inú, ó yí díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ó sì wó sójú títì, kò ba ohunkóhun jẹ́. Wọ́n hó yè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìmọ́lẹ̀ dé. Ó dé sórí àga, sórí bẹ́ǹṣì, sórí ẹ̀rọ aránṣọ lójú fèrèsé, ó sì dé sára dígí tí wọ́n fi ti ògiri, dígí náà dá a padà sí gbogbo ènìyàn lójú, tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ bojú. Onígbàjámọ̀ ò mọ̀ pé ògiri ilé òun ti sán tó báyẹn. Ó jókòó lórí gẹdú igi, àmì funfun wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, kò sì parẹ́ rárá.

Ibẹ̀ ló wà tó fi rí ìyàwó rẹ̀ tó yọ ní kọ̀rọ̀. Ó mú ọsàn dání nínú lẹ́dà, ó ń rìn kíákíá, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ní nǹkan láti sọ. Èrò àti ẹ̀ka dí ojú títì, ó yà wọ́n kọjá, ó kí wọn kú iṣẹ́. Ó kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ó dé ilé Mo-Ti-Gbọ́, ó kọjá. Ó dé ilé káfíńtà, ó dúró, ó wo igi méjì tó wà níbẹ̀, ó wo ọ̀nà tó ti wá. Lẹ́yìn náà ló yí padà díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó gbé ọsàn lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́, ó sì sọ ti ìrìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní fèrèsé tí wọ́n ti ń dá èèyàn lóhùn ní kánsù, wọ́n ti fi pákó kàn án. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó ní kí gbogbo ènìyàn lọ sí ojú ewé. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú lọ́hùn-ún, àwọn náà ń dúró de ojú ewé kí ó ṣí. Òun jókòó lórí àtẹ̀gùn títí ọkùnrin kan fi sọ̀ kalẹ̀, tó ń fi fáìlì bo ìdí, tó ń rìn bí àkàn. Ṣòkòtò rẹ̀ ló ya lẹ́yìn. Òun yọ abẹ́rẹ́ ọrùn òun, òun ní kí ó yà síbí. Àṣé ọkùnrin náà gan-an ló ń wọn ilẹ̀ fún kánsù. Òun ń rán an, òun ń bi í, ó sì ń dáhùn gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tí abẹ́rẹ́ wà nídìí rẹ̀ kì í sáré, kì í sì í purọ́. Àwọn kan ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n gbé e mì.

"Gọ́tà ńlá ló ń bọ̀," ló wí. "Gbogbo igi tó wà lọ́nà ni wọ́n máa hú. Èyí tí wọ́n sàmì sí ni wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Gọ́tà máa yà fún un."

Káfíńtà, tó ti ń wọn gẹdú lọ́wọ́, dúró. Ó gbé ojú wo igi méjèèjì tirẹ̀.

"Mo pè yín," ni aránṣọ wí fún ọkọ rẹ̀. "Mo pè, mo pè. Kò lọ."

Ọlọ́fóònù gbé fóònù sẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé gígé ni?"

Onígbàjámọ̀ wo Mo-Ti-Gbọ́. Mo-Ti-Gbọ́ ní ìdí omi lòun ti gbọ́ ọ, ó sì nàka sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń jẹ máńgòrò. Ìyẹn ní nígbà tí òun ń kọjá níbi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun ni, pé bírìkìlà ibẹ̀ ló sọ ọ́. Tíṣà ní, ẹ ẹ̀ rí nǹkan, ọ̀dọ̀ bírìkìlà yẹn náà lòun ti gbọ́. Bírìkìlà alára sì wà láàárín èrò, síméǹtì ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, igi tó wó ló yà wò. Gbogbo wọn yí sí i. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dojú kọ onígbàjámọ̀.

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi láàárọ̀, bàbá."

Ọmọ kan ń rún máńgòrò lẹ́nu, gbogbo wọn ń gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí àpótí rẹ̀ fi ń mì, awakọ̀ gbà á, bẹ́ǹṣì gbà á, ó sì ràn dé ọ̀dọ̀ aránṣọ tó fi ọwọ́ bo ẹnu, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí a ò mọ̀ bóyá ti ẹ̀rín ni tàbí ti ẹkún. Onígbàjámọ̀ ń wá ọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀. Níkẹyìn, ó ní òun ò mọ̀. Wọ́n ní kí ó tún un sọ, wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un sọ.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, iná mànàmáná dé, wọ́n ki fóònù bọ iná. Wọ́n ń jẹ ìrẹsì lórí ẹní nígbà tí Ọlọ́fóònù ké pe bàbá rẹ̀. Ojú ewé kánsù ti ṣí. Ó mọ́, ó dára, kò tilẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán òpópónà wà níbẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan, àti ìlà búlúù tó jẹ́ gọ́tà, tó ń bọ̀ tààrà láti ìbẹ̀rẹ̀ títì. Nígbà tó dé iwájú ilé onígbàjámọ̀, ó yà bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó gba ẹ̀yìn àmì roboto kan kọjá, ó sì tún tọ́.

"Tó bá wá jẹ́ pé igi ò sí mọ́," ni onígbàjámọ̀ béèrè, "ṣé á ṣì yà?"

Aránṣọ bu omi fún un.

Igi máńgòrò náà wà lójú ewé kánsù. Níwájú ilé, kò sí mọ́.